Ohun Tí 1.12 Sọ Nípa Bob Gibson

  

Ìgbìmọ̀ tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìṣirò nínú eré ìdárayá. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Eré mìíràn ni mo gbé wá o: bésíbọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gbá ní Amẹ́ríkà, ní Kúbà, ní Japan àti ní àwọn erékùṣù Karíbíà. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn ni àwọn tó ni ín ti ń ṣírò rẹ̀. Kò sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, kò sí èyí tí wọ́n gbá, tí wọn kì í kọ sílẹ̀. Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yẹn, iye kan wà tí mi ò lè kọjá lára rẹ̀ láì dúró. Iye náà ni 1.12. Bob Gibson ló ni ín, ajubọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis, ní sáà ọdún 1968.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: bí wọ́n bá kọ iye kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ènìyàn, èwo nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, èwo ni ti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, èwo sì ni ti ilẹ̀ tó dúró lé? Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni iye kan jẹ́. Ó lè jẹ́ olóòótọ́, síbẹ̀ ohun tó rí nìkan ni yóò sọ. Ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pe àwọn ẹlẹ́rìí yòókù.

Bí wọ́n ṣe rí 1.12

Kí n yára ṣàlàyé eré náà. Ajubọ́ọ̀lù dúró lórí òkìtì kékeré kan láàárín pápá. Agbábọ́ọ̀lù dúró ní iwájú rẹ̀ pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íńṣì 6 ló sì wà láàárín wọn. Ahánbọ́ọ̀lù lóṣòó sẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù, ó na ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ síta, ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti ajubọ́ọ̀lù. Bí agbábọ́ọ̀lù bá pàdánù bọ́ọ̀lù tó dára lẹ́ẹ̀mẹta, ó jáde. Bó bá gbá a, tí àwọn tó wà káàkiri pápá sì hán an lókè kó tó balẹ̀, ó jáde náà. Bí ẹni mẹ́ta bá jáde, ó di kí ẹgbẹ́ kejì wá gbá tiwọn. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa yóò sáré láti ìkóríta kan dé òmíràn títí yóò fi padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ayò kan nìyẹn. Abala 9 ni eré.

Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù ni láti dènà ayò. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ni pé: ayò mélòó ló ń wọlé lọ́wọ́ rẹ̀ nínú abala 9? Wọ́n máa ń yọ ayò tí àṣìṣe ẹlòmíràn fà kúrò, kí wọ́n má baà gbé ẹrù ọlọ́rùn ka orí ẹni tí kò jẹ́ ẹ. Ní ọdún 1968, abala 304 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ni Gibson fi jù bọ́ọ̀lù. Ayò 49 ló wọlé lójú rẹ̀, 38 nínú wọn ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọ SS1, ẹ mú bírò yín. Ẹ fi 38 lọ́nà 9, ẹ ó rí 342. Ẹ pín in sí 304.67. Ẹ ti rí i báyìí: 1.12.

Ní ọdún yẹn, iye tí àpapọ̀ àwọn ajubọ́ọ̀lù National League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjèèjì Amẹ́ríkà, tí àwọn Cardinals ń gbá nínú rẹ̀, ní jẹ́ 2.99. Bí èèyàn wọn bá jẹ́ kí ayò mẹ́ta wọlé, ẹyọ kan àti díẹ̀ ni Gibson ń jẹ́ kó wọlé.

Ọmọ Omaha

Ta ni ọkùnrin yìí? Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1935 ní ìlú Omaha ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Baba rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Àìsàn kò fi í sílẹ̀ ní kékeré: èyí tó ń mú egungun ọmọdé rọ̀, ikọ́ fée, àti èyí tó bá ẹ̀dọ̀fóró jà. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kí ilé lè jẹun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Josh ló sì dúró bíi baba fún un, tó kọ́ ọ ní eré, tó ń bá a wí.

Bọ́ọ̀lù aláwọ̀n ló fẹ́ fi wọ yunifásítì. Yunifásítì kan kọ̀wé pé àwọn kò lè fún un ní owó ẹ̀kọ́, nítorí pé iye aláwọ̀ dúdú tí àwọn ń gbà ti pé. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tẹ ẹsẹ̀ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fi iye yin Gibson, iye ni wọ́n kọ́kọ́ fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó ń ka ènìyàn bíi ẹrù ló ka iye yẹn, ó sì pé lójú rẹ̀. Creighton, yunifásítì tó wà ní Omaha níbẹ̀, ló gbà á. Lẹ́yìn tó parí, ó bá ẹgbẹ́ Harlem Globetrotters gbá bọ́ọ̀lù aláwọ̀n fúngbà díẹ̀ kó tó di pé bésíbọ́ọ̀lù gba gbogbo àyè rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí ibùdó ìgbáradì àwọn Cardinals ní Florida, àwọn aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ funfun ń sùn sí.

Mi ò sọ èyí kí ẹ lè ṣàánú rẹ̀. Gibson kò fẹ́ àánú ẹnikẹ́ni. Lórí òkìtì, ojú rẹ̀ le koko, kì í bá alátakò rẹ́rìn-ín, kódà bó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló di igi mú. Mo sọ ọ́ nítorí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Sáà náà gan-an

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968, wọ́n yìnbọn pa Dókítà Martin Luther King ní Memphis. Ìlú gbiná káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní láti sún ìbẹ̀rẹ̀ sáà bésíbọ́ọ̀lù síwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, wọ́n yìnbọn lu sẹ́nétọ̀ Robert Kennedy ní Los Angeles, ó sì kú ní ọjọ́ 6 oṣù náà. Gibson sọ nínú ìwé tó kọ nípa ayé rẹ̀ pé ikú méjèèjì ba òun nínú jẹ́ gidigidi, pé ó mú òun bínú, àti pé òun a máa jù bọ́ọ̀lù dáadáa sí i bí inú bá ń bí òun.

Títí di òpin oṣù karùn-ún, ẹni tó bá wo ìdíje tó jáwé olúborí nìkan yóò sọ pé sáà náà kò dára: ó borí mẹ́ta, ó pàdánù márùn-ún. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà yẹn kan náà, ó bá àwọn Houston Astros pàdé, wọn kò rí ayò kankan. Ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé wọn, òfo. Ẹ̀kẹta, òfo. Ẹ̀kẹrin, òfo. Ẹ̀karùn-ún, òfo. Ìdíje márùn-ún léraléra, gbogbo abala 9 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kan ilé. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje, ní Los Angeles, ni ayò kan tó wọlé, bọ́ọ̀lù kan ló sì fò kọjá ọwọ́ ahánbọ́ọ̀lù rẹ̀. Igi kò kàn án rárá.

Nígbà tí sáà parí, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje 34, ó sì parí 28 nínú wọn fúnra rẹ̀. Nínú mẹ́fà tó kù, kò sí ìgbà kan tí olùkọ́ni rẹ̀ rìn lọ sórí òkìtì láti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé wọ́n ń nà án. Ìgbà tó bá kàn án láti gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń fi ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń wá ayò lójú méjèèjì. Agbábọ́ọ̀lù 268 ló lé jáde láìjẹ́ kí wọ́n gbá a. Ìdíje 13 ni alátakò rẹ̀ fi gbé òfo lọ sílé. Ẹ̀bùn Cy Young, tó jẹ́ ti ajubọ́ọ̀lù tó dára jù, jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀bùn ẹni tó wúlò jù nínú gbogbo National League, tirẹ̀ náà ni.

Ó borí 22, ó pàdánù 9

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ mi jù, ẹ jẹ́ kí n jókòó tì í.

Báwo ni ẹni tí ayò kan péré ń wọlé lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe lè pàdánù lẹ́ẹ̀mẹsàn-án? Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti mọ ìdáhùn. Ẹ ti rí aṣọ́lé tó ṣe iṣẹ́ ìyanu láàárọ̀ dalẹ́, ẹyọ kan wọlé lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn atamátàsé rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan jẹ. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú bésíbọ́ọ̀lù, orúkọ aṣọ́lé náà ni wọ́n ń kọ ìpàdánù sí.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, Gibson ń jù bọ́ọ̀lù ní San Francisco. Ní abala àkọ́kọ́, Ron Hunt, tí kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ sí gbígbá bọ́ọ̀lù jìnnà, gbá ọ̀kan kọjá ògiri pápá. Ayò kan nìyẹn. Gibson ti ilẹ̀kùn pa lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ajubọ́ọ̀lù àwọn Giants, Gaylord Perry, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn Cardinals gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo dé ibi tí wọ́n lè fi wọ ìkóríta àkọ́kọ́. Ẹyọ kan sí òfo. Ìwé ní Gibson pàdánù. Ṣé irọ́ ni ìwé pa? Rárá o. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn: ta ló borí? Wọn kò bi í pé ta ló ṣiṣẹ́.

Ní ọdún kan náà, Denny McLain ti Detroit Tigers borí ìdíje 31, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe láti ìgbà náà. Ayò tó ń wọlé lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 1.96. Juan Marichal ti San Francisco borí 26 pẹ̀lú 2.43. Mi ò ní bu iyì wọn kù, akọni ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iye ìdíje tí wọ́n borí tò wọ́n, Gibson ni yóò dúró sẹ́yìn, èmi ò sì ní fọwọ́ sí ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láé. Àwọn oníbésíbọ́ọ̀lù fúnra wọn ti wá gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, Jacob deGrom ti New York Mets borí ìdíje 10 péré, ó pàdánù 9, iye rẹ̀ sì jẹ́ 1.70. Òun ni wọ́n fún ní Cy Young. Ó gba àádọ́ta ọdún kí ojú tó là dé ibẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, kódà nínú 1.12. Tim McCarver ni ahánbọ́ọ̀lù rẹ̀, òun ló ń fi ìka ṣàpẹẹrẹ irú bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jù. Curt Flood ń ṣọ́ àárín gbùngbùn ẹ̀yìn pápá, ó sì wà lára àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn jù láyé ìgbà náà. Bọ́ọ̀lù tí ì bá bọ́ sílẹ̀ tí Flood sáré lọ hán, Gibson ni wọ́n yìn ún fún nínú ìwé.

Ẹ wò wọ́n ní World Series ọdún yẹn, ìfigagbága àṣekágbá láàárín àwọn tó borí nínú líìgì méjèèjì. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ni, ní St. Louis, Detroit ni alátakò. Abala kẹsàn-án ti dé. Gibson lé Al Kaline jáde, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó sì ti bá Sandy Koufax dọ́gba, ẹni tó ní iye tó ga jù nínú World Series títí di ọjọ́ yẹn. Pátákó ńlá kọ ọ́ sókè, gbogbo pápá dìde dúró, ariwo sọ. McCarver di bọ́ọ̀lù mú, kò jù ú padà, ó ń nawọ́ sí pátákó náà kí Gibson lè yíjú wò ó. Gibson kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó jágbe mọ́ ọn pé kó jù bọ́ọ̀lù fún òun kíá, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀. Nígbà tó rí i tán, ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó padà sórí òkìtì, ó lé Norm Cash jáde, ó lé Willie Horton jáde. Ó di 17. Títí dòní, kò sí ẹni tó tíì kọjá rẹ̀ nínú World Series. Ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá kan náà, ní ọdún 2020, ni Gibson fi ayé sílẹ̀, ẹni ọdún 84.

Ìdíje keje ló jẹ́ àṣekágbá. Kò tíì sí ayò títí di abala keje, ẹni méjì sì ti jáde. Àwọn méjì ti dúró sí ìkóríta nígbà tí Jim Northrup gbá bọ́ọ̀lù sọ́dọ̀ Flood. Flood gbé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ síwájú, bọ́ọ̀lù náà sì ń lọ sẹ́yìn. Nígbà tó fi máa yípadà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, bọ́ọ̀lù ti kọjá orí rẹ̀. Àwọn méjèèjì wọlé, òmíràn sì tún tẹ̀ lé wọn. Detroit fi 4 sí 1 gba ife. Àwọn akọ̀wé eré kò kọ àṣìṣe sí Flood lọ́rùn, nítorí pé wọ́n ní ó ṣòro. Gibson ni wọ́n ka àwọn ayò náà sí. Gibson kò sì bá Flood jà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi rù ú. Mo ka èyí sí ọ̀kan lára iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù ní ọdún náà, kò sì sí àpótí kankan fún un nínú ìwé ìṣirò.

Òkìtì tí wọ́n gé

Ní ọdún 1968, ìjìyà ni ti àwọn agbábọ́ọ̀lù jákèjádò líìgì méjèèjì. Carl Yastrzemski gba ipò kìíní nínú gbígbá ní American League pẹ̀lú .301, iye tó kéré jù tí wọ́n tíì fi gba ipò náà. Luis Tiant, ọmọ bíbí Marianao ní Kúbà, ṣe 1.60 fún Cleveland. Don Drysdale jù abala 58 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta láìsí ayò kankan. Ọdún àwọn ajubọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe ọdún náà títí dòní.

Ohun méjì ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Òkìtì tí wọ́n ń dúró lé ga tó íńṣì 15, ẹni tó bá sì wà lókè ní agbára lórí ẹni ìsàlẹ̀. Láti ọdún 1963 ni òfin sì ti fẹ àyè bọ́ọ̀lù tó dára láti òkè èjìká dé orúnkún. Nígbà tí sáà parí, àwọn aláṣẹ gé òkìtì náà sí íńṣì 10, wọ́n sì dín àyè náà kù, láti abẹ́ apá dé òkè orúnkún. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé nítorí Gibson nìkan ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Èmi rò pé nítorí gbogbo wọn ni, ṣùgbọ́n òun ni olórí ẹlẹ́jọ́. Lórí òkìtì tí wọ́n gé yẹn, ní ọdún 1969, ó borí 20, iye rẹ̀ sì jẹ́ 2.18. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e wò: èwo nínú 1.12 ló jẹ́ ti íńṣì márùn-ún yẹn?

Nítorí irú ìbéèrè yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń gbé iye ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2000, Pedro Martínez, ọmọ Dominican Republic tó ń gbá fún Boston, ṣe 1.74. Ó jọ pé Gibson là á mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ American League lọ́dún náà jẹ́ nǹkan bíi 4.9. Bí ẹ bá pín 1.12 sí 2.99, ẹ ó rí 0.37. Ẹ pín 1.74 sí 4.9, ẹ ó rí bíi 0.36. Pedro sún díẹ̀ síwájú! Èmi ṣì ń bá Gibson lọ, torí pé abala 217 ni Pedro jù, Gibson sì ru 304 lé díẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò tó bá yàn Pedro, mi ò ní bá a jà.

Àwọn tí wọn kò kà tẹ́lẹ̀

Ẹlẹ́rìí kan kù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń kọ́ wa pé láti ọdún 1920, kò sí iye tó kéré tó 1.12. Ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀ kò ka àwọn líìgì aláwọ̀ dúdú mọ́ra, níbi tí wọ́n lé àwọn dúdú lọ títí Jackie Robinson fi la ọ̀nà fún wọn wọ líìgì ńlá ní ọdún 1947. Ní ọdún 2024, Major League Baseball fi àkọsílẹ̀ àwọn líìgì náà kún tirẹ̀. Satchel Paige ti Kansas City Monarchs hàn níbẹ̀ pẹ̀lú 1.01 ní ọdún 1944. Sáà wọn kúrú, abala tó jù kéré gan-an sí ti Gibson, ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí tó yẹ ká gbọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún, ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé ni kò sí. Bóyá Gibson, tí wọ́n sọ fún nígbà kan pé iye aláwọ̀ dúdú ti pé, kò ní bínú pé Paige ṣíwájú òun.